Ohun Tó Yẹ Kó Ti Wà Lẹ́nu Wa Kí Ọjọ́ Ibi Tó Dé

Lórí igi àgbélébùú, ẹ̀ẹ̀mejì ni Jésù fi ọ̀rọ̀ Sáàmù gbàdúrà. "Ọlọ́run mi, Ọlọ́run mi, èéṣe tí ìwọ fi kọ̀ mí sílẹ̀?" ni ìbẹ̀rẹ̀ Sáàmù 22. Ọ̀rọ̀ tó fi dágbére, pé ọwọ́ Baba ni òun fi ẹ̀mí òun lé, wà nínú Sáàmù 31, ẹsẹ 5. Ẹni tí wọ́n kàn níṣòó lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀, tí èémí rẹ̀ ń gé, kò ráyè máa ro àdúrà tuntun. Èyí tó ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló jáde. Lúùkù sọ fún wa pé àṣà rẹ̀ ni láti máa lọ sí sínágọ́gù lọ́jọ́ ìsinmi. Ọ̀rọ̀ tí ó ti ń gbọ́ láti kékeré ní Násárẹ́tì ló bá a dé Gọ́lígọ́tà.

Ẹni tó bá ti jókòó ti ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, tàbí tó ti bá èèyàn ṣọ́ aláìsàn mọ́jú nílé ìwòsàn, mọ bí ìpọ́njú ṣe ń ṣe. Oorun ló kọ́kọ́ ń gbà. Lẹ́yìn náà ni yóò gba ìrònú. Ojú á máa rìn lórí ìwé, ṣùgbọ́n èèyàn á ka orí kan nínú Bíbélì tán láìmọ ohun tó kà. Àdúrà tó máa ń gùn tẹ́lẹ̀ á gé sí "Olúwa, Olúwa," kò sì ní sí ohun tó tẹ̀ lé e. Kì í ṣe pé ìgbàgbọ́ onítọ̀hún ti kú. Agbára tí a fi ń wá ọ̀rọ̀ ni kò sí mọ́. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé iṣẹ́ ọjọ́ dáadáa ni ìgbàgbọ́ ọjọ́ ìpọ́njú. Ilé là á ti kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde.

Ẹ wo Pétérù ní òru kan náà tí wọ́n mú Olúwa. Ìfẹ́ tó ní sí Jésù kì í ṣe irọ́. Ó fa idà yọ nítorí rẹ̀. Ó ti búra pé bí gbogbo àwọn tó kù bá tilẹ̀ sá, òun kò ní sá. Ṣùgbọ́n nígbà tí Jésù ní kí wọ́n máa ṣọ́nà nínú ọgbà Gẹtisémánì, kí wọ́n sì máa gbàdúrà, oorun ni Pétérù sùn, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Nígbà tí ìránṣẹ́bìnrin kan tọ́ka sí i ní àgbàlá olórí àlùfáà, ìbúra alẹ́ yẹn kò wúlò fún un. Ìmọ̀lára gbígbóná nínú ìsìn dára, èmi náà fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè gba ipò wákàtí tí a kò lò nínú ọgbà.

Ibi tí màá ti ní kí ẹnikẹ́ni bẹ̀rẹ̀ ni akọ́sórí. Ọ̀pọ̀ wa mọ̀ ọ́n láti Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, níbi tí wọ́n ti ń ní ká dìde ká sọ ọ́ níwájú ìjọ. Àléébù tó wà nínú bí a ṣe ń ṣe é ni pé ẹsẹ kọ̀ọ̀kan ni à ń kọ́, ẹsẹ tó dùn létí, tí a yọ kúrò láàárín àwọn tó yí i ká. Ẹsẹ kan ṣoṣo kì í gbé èèyàn la òru já. Odindi Sáàmù ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, torí pé ó mọ ọ̀nà láti ibi ẹkún lọ síbi ìsinmi, ó sì ń mú ẹni tó ń sọ ọ́ rìn ín.

Sáàmù márùn-ún tó fún ìbẹ̀rẹ̀: 23 tó ní ẹsẹ 6, 13 tó ní ẹsẹ 6, 121 tó ní ẹsẹ 8, 130 tó ní ẹsẹ 8, àti 46 tó ní ẹsẹ 11. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ 39. Bí èèyàn bá ń fi ọjọ́ méjì kọ́ ẹsẹ kan, ọjọ́ 78 ló máa gbà, kò tó oṣù mẹ́ta. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ka ẹsẹ náà sókè nígbà mẹ́wàá pẹ̀lú ìwé lójú, lẹ́yìn náà pa ìwé dé kí o sọ ọ́ nígbà márùn-ún. Lọ́jọ́ kejì, má ṣe ṣí ìwé kí o tó gbìyànjú. Ibi tí o bá ti kọsẹ̀ nìkan ni kí o ṣí i wò. Nígbà tí ó bá di ọjọ́ kẹta, sọ ẹsẹ kìíní kí o tó bọ́ sí ẹsẹ kejì, kí o sì máa so wọ́n pọ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé òpin. Ohùn rẹ gbọ́dọ̀ jáde. Èyí tí a fi ojú nìkan kọ́ kì í yá lẹ́nu nígbà tí ojú bá kún fún omijé.

Ìtumọ̀ Bíbélì kan ni kí o dúró lé. Ẹni tó kọ́ ìlàjì nínú Bíbélì àtijọ́ tí ó sì kọ́ ìlàjì nínú ti ìsinsìnyí á máa dà á rú. Èyí tí wọ́n ń kà níjọ rẹ ni kí o mú, torí pé etí rẹ yóò máa bá ọ kọ́ ọ lọ́jọ́ ìsinmi. Bí Sáàmù kan bá sì ti wọlé tán, iṣẹ́ kò tíì parí, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù rẹ̀. Sọ ọ́ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún oṣù méjì, lẹ́yìn náà lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Èyí tí a kò bá tún sọ, àárín rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń lọ. Èèyàn á rántí pé Olúwa ni olùṣọ́-àgùntàn òun, á tún rántí ilé Olúwa títí láéláé, ṣùgbọ́n àfonífojì òjìji ikú tó wà láàárín, tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni ó wà lọ́jọ́ yẹn, á ti di ìgbàgbé.

Ọ̀rọ̀ kan fún àwọn òbí tó wà ní London tàbí Houston: ẹ jẹ́ kí ọmọ fi èdè tó fi ń sunkún kọ́ Sáàmù rẹ̀. Ó wù mí kí ó mọ̀ ọ́n ní Yorùbá, mo sì máa ní kí ẹ kọ́ ọ ní Yorùbá pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n èdè tí ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ẹ̀rù bá bà á lóru ni kí ẹ kọ́kọ́ fi lé e lọ́wọ́.

Ẹ ó ti rí i pé mi ò fi Sáàmù 91 sínú márùn-ún ìbẹ̀rẹ̀ yẹn. Kì í ṣe pé mo kórìíra rẹ̀. Sáàmù ńlá ni, kí a kọ́ ọ nígbà tó bá yá. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, ó ti di ohun ìṣọ́ra. Wọ́n á ṣí Bíbélì sí i sábẹ́ ìrọ̀rí, wọ́n á kà á sínú omi ìwẹ̀ nígbà méje. Ẹ rántí ẹni tó ka Sáàmù yìí fún Jésù nínú Mátíù orí 4. Èṣù ni. Ẹsẹ 11 àti 12 ló mú wá, nípa àwọn áńgẹ́lì tí yóò gbé e lọ́wọ́, ó sì fẹ́ kí Jésù fi ṣe ìdánilójú pé kò sí ohun tí yóò ṣe é bí ó bá fò láti ṣóńṣó tẹ́ńpìlì. Inú Deuteronómì ni Jésù ti fèsì: orí 8 ẹsẹ 3, orí 6 ẹsẹ 16, orí 6 ẹsẹ 13. Kò wá ẹsẹ tó lágbára ju ti èṣù lọ. Ìtàn Ísírẹ́lì nínú aginjù ló mọ̀ látòkè délẹ̀, ó sì mọ ibi tí òun wà nínú rẹ̀.

Ẹni tó bá di Sáàmù 91 mú bí ìwé àdéhùn pé ọfà kankan kò ní kan ilé òun, ohun méjì ló máa ń pàdánù lọ́jọ́ tí ọfà bá kàn án. Á pàdánù ohun tí ọfà mú lọ, á sì tún rò pé Ọlọ́run já òun kulẹ̀. Èkejì yìí ló ń ba ìgbàgbọ́ jẹ́, òun sì ni a lè dènà ṣáájú.

Ọ̀nà tí a fi ń dènà rẹ̀ wà lẹ́nu Ṣádírákì, Méṣákì àti Àbẹ́dínígò. Wọ́n sọ fún Nebukadinésárì pé Ọlọ́run àwọn lè gba àwọn nínú iná ìléru. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ kúkúrú kan kún un: "Ṣùgbọ́n bí bẹ́ẹ̀ kọ́." Bí kò bá tilẹ̀ gbà wá, a kò ní forí balẹ̀ fún ère wúrà rẹ. Àwọn kan ń kọ́ni pé ẹni tó bá sọ "bí bẹ́ẹ̀ kọ́" ti fi iyèméjì ba àdúrà rẹ̀ jẹ́. Mi ò gbà. Àwọn mẹ́ta yìí sọ ọ́, ẹni kẹrin sì wá bá wọn nínú iná. Jésù náà sọ ọ́ ní Gẹtisémánì nígbà tó ní kí ó má ṣe rí bí òun ti fẹ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká fi í kọ́ ẹnu wa lórí ohun kéékèèké kí ti ńlá tó dé. Bí o bá ń gbàdúrà fún físà, fún ìdánwò ọmọ, fún owó ilé, béèrè tọkàntọkàn, má ṣe rọra béèrè. Lẹ́yìn náà, sọ ọ́ sókè: bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìwọ náà ni Ọlọ́run mi. Nígbà àkọ́kọ́, á fẹ́rẹ̀ẹ́ há sọ́nà ọ̀fun. Ó sàn kó há níbi ọ̀rọ̀ físà ju níbi ibojì lọ.

Ohun kejì, lẹ́yìn akọ́sórí, ni àkókò àdúrà ojoojúmọ́. Nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí òfin pé ẹni tó bá bẹ ọlọ́run kan yàtọ̀ sí Dáríúsì yóò wọ ihò kìnnìún, Dáníẹ́lì lọ sílé, ó kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́ "gẹ́gẹ́ bí òun ti ń ṣe nígbà àtijọ́ rí." Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tó ti wà ní Bábílónì nígbà yẹn. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ pe ààwẹ̀ pàjáwìrì. Orúnkún rẹ̀ ti mọ ojú fèrèsé yẹn.

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó. Fi mẹ́ta sọ Sáàmù kan sókè, fi márùn-ún ka ìpínrọ̀ kan nínú Ìhìnrere, ní títẹ̀léra, láti Máàkù orí 1 lọ, fi márùn-ún gbàdúrà fún àwọn èèyàn pẹ̀lú orúkọ wọn, kí o sì fi méjì tó kù dákẹ́ jẹ́ẹ́. Bíbélì oníwèé ni kí o lò bí o bá ní, torí ẹni tó bá fi fóònù kà á yóò bá WhatsApp pàdé lójú ọ̀nà. Ohun tó ń ba ètò yìí jẹ́ jù ni ìtara ìbẹ̀rẹ̀. Èèyàn á fi wákàtí méjì bẹ̀rẹ̀, á dàpọ̀ mọ́ ààwẹ̀ àti ìṣọ́ òru, kí oṣù tó parí á ti rẹ̀ ẹ́, ojú á sì wá máa tì í láti padà. Ìṣọ́ òru dára. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ni oúnjẹ òòjọ́. Bí o bá pàdánù ọjọ́ kan, má ṣe san án bíi gbèsè. Ibi tí o dé ni kí o ti máa bá a lọ. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́, tí kò ní òwúrọ̀ gidi, kí ó so ó mọ́ ohun tí kò lè ṣàì ṣẹlẹ̀: ìgbà tó bá jókòó nínú bọ́ọ̀sì, tàbí kí ó tó bọ́ bàtà.

Àdúrà kan wà tí a kì í kọ́ ara wa, mo sì rò pé àìkọ́ rẹ̀ ló ń mú kí ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ dákẹ́ lójú Ọlọ́run nígbà ìbànújẹ́. Àdúrà àròyé ni. A ti kọ́ ẹnu wa láti máa sọ pé "ẹ̀mí mi kọ̀ ọ́," "kì í ṣe ìpín mi." Bí wọ́n bá bi wá pé ṣé dáadáa ni, "a dúpẹ́" ni. Ó ní àyè tirẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ẹsẹ méjì péré tó bẹ̀rẹ̀ Sáàmù 13, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Dáfídì bi Ọlọ́run pé yóò ti pẹ́ tó. Ó ní ṣé Ọlọ́run yóò gbàgbé òun títí láé ni. Ẹsẹ 3 àti 4 ló ti béèrè ohun tó fẹ́, pé kí Olúwa wo òun, kí ó dá òun lóhùn, kí òun má baà sun oorun ikú. Ẹsẹ 5 àti 6 ló ti wá sọ pé òun gbẹ́kẹ̀ lé àánú rẹ̀. Ẹkún, ẹ̀bẹ̀, ìgbẹ́kẹ̀lé: ẹ lè kọ tiyín bẹ́ẹ̀ sínú ìwé, gbólóhùn méjì méjì, lórí ohun tó ń dùn yín lọ́sẹ̀ yìí, ì báà ṣe ọ̀gá tó fìyà jẹ yín tàbí àrùn tí kò lọ. Ẹ má ṣe fo apá àkọ́kọ́. Ẹni tó bá fo ẹkún kọjá, ìyìn rẹ̀ kò ní dé ọkàn rẹ̀. Sáàmù 88 tilẹ̀ wà tí kò dé ibi ìyìn rárá; inú òkùnkùn ló parí sí, síbẹ̀ wọn kò yọ ọ́ kúrò nínú Bíbélì.

Ìtàn ilẹ̀ wa fi hàn pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹnìkọ̀ọ̀kan nìkan. Ní 1846 ni àwọn míṣọ́nnárì CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, dé Abẹ́òkúta, Samuel Ajayi Crowther wà lára wọn, ìyá rẹ̀ sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣèrìbọmi níbẹ̀ ní 1848. Ní October 1867 ni Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀, ìyẹn ìgbà tí àwọn ará Abẹ́òkúta dìde sí àwọn míṣọ́nnárì. Wọ́n kó ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kó ilé míṣọ́nnárì, àwọn òyìnbó kúrò nílùú, Ìwé Ìròyìn tí wọ́n ti ń tẹ̀ láti 1859 sì dópin. Nígbà yẹn, odindi Bíbélì Yorùbá kò tíì sí. 1884 ló tó pé. Síbẹ̀ ìjọ kò kú. Àwọn pásítọ̀ àti olùkọ́ tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí ló ń darí rẹ̀, àwọn onígbàgbọ́ tí wọ́n sì ń darí ti kọ́ Àdúrà Olúwa, Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ àti Òfin Mẹ́wàá kí wọ́n tó ṣèrìbọmi. Èèyàn lè fọ́ ilé ìtẹ̀wé. Kò lè kó Àdúrà Olúwa kúrò lẹ́nu ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Kíláàsì tún wà, àwùjọ kékeré tí olórí rẹ̀ mọ ẹni tó wá àti ẹni tí kò wá. Ní ọ̀pọ̀ ìjọ lónìí, owó kíláàsì nìkan ló kù nínú rẹ̀. Àdánù ńlá nìyẹn. Níjọ tí èèyàn pọ̀ bíi yanrìn, ẹnìkan lè máa ṣubú fún oṣù mẹ́fà láì sí ẹni tó mọ̀. Nítorí náà, wá ẹni méjì kí ìṣòro tó dé, má ṣe ju mẹ́ta lọ. Kí wọ́n jẹ́ ẹni tí kì í tú àṣírí, tí ó lè sọ pé o ṣe àṣìṣe láì bẹ̀rù rẹ. Ẹ máa pàdé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì. Kí kálukú sọ ohun kan tó wúwo, kí ẹ gbàdúrà, kí ẹ sì lọ sílé. Ẹ bá ara yín ṣàdéhùn pé: bí n kò bá wá sí ìsìn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ má ṣe pè mí lórí fóònù, ẹ wá sílé. Ẹni tí ojú ń tì lè gbé fóònù kó sọ pé òun wà dáadáa. Ó ṣòro láti sọ ọ́ fún ẹni tó ti jókòó sí pálọ̀. Ohun tó máa ń fọ́ irú ẹgbẹ́ báyìí ni òfófó tó wọ aṣọ àdúrà: "ẹ bá mi gbàdúrà fún arákùnrin báyìí, wọ́n ní..." Lọ́jọ́ tí èyí bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ bá a sọ lójú ẹsẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò sẹ́ni tí yóò la ẹnu mọ́.

Àwọn ìpinnu kan tún wà tí kò yẹ kí a fi sílẹ̀ di òru ìpayà. Ẹ̀jẹ́ ni àkọ́kọ́. Jẹ́fútà jẹ́ ẹ̀jẹ́ lójú ogun, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ló sì fi san án. Nígbà tí ara bá balẹ̀, ẹ pinnu nínú ilé yín pé ẹnikẹ́ni kò ní jẹ́ ẹ̀jẹ́, kò ní ta ilẹ̀ tàbí mọ́tò fi gbin "irúgbìn" nítorí àsọtẹ́lẹ̀, láìjẹ́ pé tọkọtaya fọkàn sí i, tí ẹni méjì tí ẹ jọ ń pàdé sì gbọ́, tí ọjọ́ méje sì kọjá. Ohun tó bá jẹ́ ti Ọlọ́run lè dúró fún ọjọ́ méje. Òògùn ni èkejì. Wòlíì Aísáyà gbé ọ̀rọ̀ ìwòsàn wá fún ọba Hesekáyà, òun náà ló sì ní kí wọ́n fi ọ̀pọ̀tọ́ lẹ oówo rẹ̀. Ẹ bá ẹbí sọ ọ́ nísinsìnyí: a ó gbàdúrà, a ó sì lọ sí ilé ìwòsàn, ọ̀kan kò ní dá èkejì dúró. Níbi tí aláìsàn bá ti ń mí gúlegúle kọ́ ni a ti ń jiyàn ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́.

Owó náà wà níbẹ̀. Ìdá kan nínú márùn-ún ni Jósẹ́fù ní kí Fáráò máa gbà sínú àká nínú ọdún méje ọ̀pọ̀. Ó lè jẹ́ pé owó oṣù wa kò gba ìdá kan nínú márùn-ún. Kí ó jẹ́ ìdá kan nínú ogún. Onígbàgbọ́ tó ní owó oúnjẹ oṣù kan nípamọ́ kò ní tètè bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń ta iṣẹ́ ìyanu.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ìpọ́njú á ṣì dùn wá. Dáfídì ní Síkílágì sunkún títí kò fi sí agbára láti sunkún mọ́, kí ó tó gba ara rẹ̀ níyànjú nínú Olúwa. Mo sì mọ̀ pé àwọn kan tó ń ka èyí ti wà nínú rẹ̀ ná, pé ọ̀rọ̀ ìmúrasílẹ̀ ti pẹ́ jù létí wọn. Ọkùnrin arọ inú Máàkù orí 2 kò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ Jésù. Àwọn mẹ́rin ló gbé e, nígbà tí Jésù sì rí ìgbàgbọ́ wọn ló sọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ti tán lẹ́nu rẹ, jẹ́ kí ẹlòmíràn sọ ọ́ sí ọ létí.

Bí ó bá sì jẹ́ ìwọ ni wọ́n ní kí o wá gbé ẹni tó wà nínú ìpọ́njú, gbé oúnjẹ dání, èyí tí wọn kò ní gbé kaná. Má ṣe bi wọ́n pé báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀. Má ṣe ṣàlàyé ohun tí Ọlọ́run ń ṣe. Ọjọ́ méje àkọ́kọ́ tí àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìsọ̀rọ̀ ló dára jù nínú gbogbo ìbẹ̀wò wọn. Béèrè bóyá o lè sọ Sáàmù kan. Sọ 130 díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ mẹ́jọ péré ni, láti inú ibú wá. Ṣe àmín, fọ àwo, kí o sì máa lọ. Lẹ́yìn oṣù kan, nígbà tí gbogbo àlejò bá ti tú ká, tún padà lọ.